Nígbà Tí Mo Jẹ́ Ọkọ fún Ìyá Bàbá Mi

Òórùn gàrí gbígbóná ló máa ń jí wa nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀yìn ilé wa ni àwọn ìyá kan ti ń yan gàrí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, òórùn kíkan rẹ̀ á ti gba ojú fèrèsé wọlé, ẹni tí kò tíì fọnu á sì ti máa dá itọ́ mì. Òórùn yẹn ló gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan tí ìyá bàbá mi jáde láti yàrá wọn, tí wọ́n ró ìró mọ́ àyà, tí wọ́n rìn tààrà wá síbi tí mo dúró sí nínú aṣọ ilé-ìwé mi, tí wọ́n sì kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi," ni wọ́n wí. "Eyínfúnjowó, ṣé dáadáa lẹ jí?"

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Eyín iwájú mi méjèèjì ti yọ, ife ògì wà lọ́wọ́ mi, n kò sì tíì gbéyàwó rí láyé mi.

Ìyá mi, tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ ṣẹ́ẹ̀tì bàbá mi, figbe ta. "Yéè! Mo gbé! Bùkọ́lá, kúnlẹ̀! Kúnlẹ̀ kíá!" Ta ni yóò rí àgbàlagbà tó kúnlẹ̀ fún ọmọdé tí ẹ̀rù ò ní bà? Mo bá kúnlẹ̀. Inú Màmá, ìyá bàbá mi, ò dùn sí i rárá. Ìyàwó wo ló máa wà lórí ìkúnlẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ náà máa kúnlẹ̀? Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n fi ìgúnpá kanlẹ̀. Ìyá mi tún pariwo pé kí n lọ sílẹ̀ sí i, mo bá fi àyà lélẹ̀. Nígbà tí bàbá mi fi máa jáde pẹ̀lú ọṣẹ ìfárùngbọ̀n ní àgbọ̀n, èmi àti ìyá wọn ti nà gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì, a kọjú síra wa, kálukú ń wá bí òun ṣe máa rẹlẹ̀ ju ẹnì kejì lọ.

"Ta ló ń kí ta níbí?" ni bàbá mi bèèrè. Ẹ̀gbọ́n mi Délé kò lè dá wọn lóhùn, ẹ̀rín ti gbé e ṣubú sídìí àmù omi.

Ayépé ni wọ́n ti gbé Màmá wá sílé ọkọ, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè wọ́n ní Ìyá Aláyépé. Obìnrin tó le ni wọ́n nígbà tí ara wọn dá. Wọ́n ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ju àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ orin lọ, ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n bá sì sè, ẹni tó bá jẹ ẹ́ á fi ìka pọ́n abọ́ lá. Ìkọ́kọrẹ́ yẹn náà la ti kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀, nítorí wọ́n fi iyọ̀ sí i, wọ́n tún padà wá fi òmíràn sí i. Lẹ́yìn náà la bá Bíbélì wọn nínú garawa gàrí. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé Ìyá Aláyépé ti ń ṣarán. Dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò ní ọpọlọ ló ń gbó, pé kò sí abẹ́rẹ́ fún un. Lóde òní a ti ń gbọ́ orúkọ àrùn náà lórí rédíò, wọ́n ní Àlísáímà. Nígbà náà, ohun tí à ń pè é nílé wa ni "Màmá ti ń gbàgbé."

Bàbá mi ní tiwọn kò jẹ́ ká sọ ọ́ bí ẹni ń ṣòfò. Olùkọ́ ni wọ́n, gbogbo ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì ní òwe fún. "Bí òkété bá dàgbà," wọ́n á wí, "ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu." Mo máa ń wo àyà bàbá mi pẹlẹbẹ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu ohun tí Màmá fẹ́ rí mu níbẹ̀.

Bàbá mi ló ṣàlàyé Eyínfúnjowó fún wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn nídìí oúnjẹ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ àṣà náà. Ìyàwó tó bá wọlé ọkọ, gbogbo ọmọ tó bá nínú ilé náà, ọkọ rẹ̀ ni, bó ṣe èyí tó ń rákòrò. Kò gbọ́dọ̀ pè wọ́n lórúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n, òun fúnra rẹ̀ ló máa wá orúkọ tó wuyì fún kálukú. Àbúrò bàbá-bàbá mi obìnrin ni Eyínfúnjowó, ọmọ kékeré ni nígbà tí Màmá dé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Eyín rẹ̀ ti yọ nígbà náà, àwọn ọmọ agboolé sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí tí kò fi fẹ́ jáde síta mọ́. Ìyàwó tuntun gbọ́ ọ. Ó kúkú ní orúkọ tó gbọ́dọ̀ sọ ọmọ náà, ló bá sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó, ọmọ tí eyín rẹ̀ funfun ju owó ẹyọ lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín mọ́, torí orúkọ tí ìyàwó bá ti sọni, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bà á jẹ́.

Eyínfúnjowó ti kú tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló sọ pé iwájú orí rẹ̀ àti imú rẹ̀ ni mo gbé wáyé. Eyín tó yọ ló wá parí iṣẹ́.

Bí mo ṣe di ọkọ nìyẹn. Ohun kan sọ nù lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ náà tí n kò tètè mọ̀. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n bí mi, Màmá sì sọ mí ní Abọ́sẹ̀dé. Bùkọ́lá ni gbogbo ayé ń pè mí, Màmá nìkan ló ń pè mí ní Abọ́sẹ̀dé, tí wọ́n á sì fa ìparí rẹ̀ gùn láti ẹ̀yìnkùlé dé ojú títì. Láti àárọ̀ náà, n kò gbọ́ ọ mọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa rántí orúkọ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ oyè?

Oyè gidi sì ni. Màmá kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nílé mọ́ bí kò ṣe tèmi. Aránṣọ ni ìyá mi, iwájú ilé ni maṣínnì wọn wà, Màmá sì gbà pé aránṣọ kan lásán ni wọ́n, tí wọ́n pè wá rán aṣọ tí kò sì fẹ́ parí iṣẹ́ kó máa lọ. Bí ìyá mi bá ní kí wọ́n wá wẹ̀, wọ́n á wò wọ́n láti òkè délẹ̀. "Aránṣọ," wọ́n á wí, "ṣé ìwọ lo fẹ́ mi sílé ni?" Ìyá mi á bá wá mi wá síbi tí mo ti ń ta òkòtó, wọ́n á fi ẹnu kékeré bẹ̀ mí: "Ìyá ọkọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fún ìyàwó yín kí wọ́n wá wẹ̀. Omi ti ń tutù."

Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n bẹ̀ mí díẹ̀ kí n tó dìde. Mo á gbọn eruku ìdí mi dànù, mo á wúkọ́ bí mo ṣe máa ń gbọ́ tí alàgbà ìjọ wa ń wúkọ́, mo á ní, "Ìyàwó mi, omi ti wà ní balùwẹ̀ o." Màmá á dìde wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú kànìnkànìn lọ́wọ́. Èmi ni mo ń sọ pé kí wọ́n jẹun, pé kí wọ́n lo oògùn, pé kí wọ́n bọ́ aṣọ àná. Bí wọ́n bá ń sè, wọ́n á yọ orí ẹja pa mọ́ dè mí sábẹ́ ìdérí, torí ìyàwó rere kì í gbàgbé ẹnu ọkọ rẹ̀. Orí ẹja ni Délé fẹ́ràn jù láyé. Ó lọ jókòó ti Màmá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní òun náà ọkọ wọn ni. Màmá wò ó dáadáa, wọ́n ní ìwọ tí bàbá rẹ ń dá ẹmu fún wa, lọ gba igbá rẹ kó o máa lọ, ẹmu àná kan.

Kí ọ̀rọ̀ náà má baà gun orí mi, ìyá mi ṣe òfin. N kò gbọ́dọ̀ bá Màmá sọ̀rọ̀ láìfi ẹ̀ sí i, bí mo tilẹ̀ jẹ́ ọkọ wọn. N kò gbọ́dọ̀ rán wọn níṣẹ́ tí kò kan ìlera wọn. Èyí tó le jù níbẹ̀ ni pé nígbàkigbà tí wọ́n bá kúnlẹ̀ fún mi, kí n kúnlẹ̀ fún wọn nínú ọkàn mi. "Ọlọ́run á rí i," ni ìyá mi wí. Mo bi wọ́n léèrè báwo ni ènìyàn ṣe ń kúnlẹ̀ nínú ọkàn, wọ́n ní kí n lọ wá a. Mo wá a títí. Mo máa ń di ojú, mo á ro ara mi pé mo kéré, mo á ro Màmá pé wọ́n ga dé àjà. Ó máa ń ṣiṣẹ́.

Wàhálà kan ṣoṣo tó kù ni Ayépé. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, Màmá á di ẹrù. Ìró, agbọ̀n, nígbà mìíràn ìdérí ìkòkò, wọ́n á gbé e lé orí, wọ́n á kọrí sí ẹnubodè. "Mò ń yúnlé," ni wọ́n máa ń wí ní Ìjẹ̀bú ponbele. Ilé ọkọ sú wọn, wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ ìyá wọn. Bàbá mi á ní Ayépé jìnnà, wọn ò gbọ́. Ìyá mi á ní ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n á ní aránṣọ, ẹnu rẹ ti gùn jù. Èmi á wá dúró lójú ọ̀nà, mo á káwọ́ lẹ́yìn, mo á ní, "Ìyàwó mi, bí ẹ bá lọ, ta ló máa lọ ata fún wa?" Wọ́n á rò ó. Wọ́n á sọ ẹrù kalẹ̀. "Òótọ́ ni," wọ́n á wí. "Ó di ọ̀la." Ọ̀la yẹn la fi ń gbé wọn láti ọjọ́ dé ọjọ́.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà tí Mọ́mì Súrúlérè fi dé láti Èkó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan. Àwọn ni àkọ́bí Màmá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, obìnrin gìrìpá tí wọ́n ń fúnra wọn wa Pijó. Wọ́n na ọwọ́ láti dì mọ́ ìyá wọn, Màmá sì fà sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin obìnrin yìí. Ta lẹ wá kí?" Mo rí ojú Mọ́mì Súrúlérè bó ṣe yí padà. Ó dùn wọ́n gan-an. Ìgbà tí ìyá tí kò mọ̀ wọ́n wá kúnlẹ̀ gbé omi fún èmi tí mo jókòó sórí àga tí mo ń mi ẹsẹ̀, ìdùnnú ilé parí.

"Ẹ ti sọ ìyá mi di ẹrú ọmọ yín!" ni wọ́n pariwo mọ́ bàbá mi. "Ṣé eré orí ìtàgé lẹ fi arúgbó ṣe ni?" Bàbá mi fẹ́ ṣàlàyé, wọn ò gbà. Wọ́n ní lọ́la ọjọ́ Àbámẹ́ta àwọn á gbé Màmá lọ sí Súrúlérè. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni àwọn ń gbé, ilẹ̀kùn onírin wà lẹ́nu ọ̀nà tí kò ní jẹ́ kí wọ́n rìn lọ, àwọn á sì wá ọmọbìnrin kan tí yóò máa wò wọ́n bí àwọn bá lọ síṣẹ́. Bàbá mi kàn tẹrí ba, torí ẹ̀gbọ́n wọn ni. Ìyá mi lọ jókòó sídìí maṣínnì, wọn ò sì rán nǹkan kan. Èmi mọ̀ pé bí Màmá bá gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, wọn ò ní bá ọkọ kankan níbẹ̀, ta ló wá máa sọ fún wọn pé omi ti wà ní balùwẹ̀? Mo sunkún sínú ẹ̀bà mi lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Mọ́mì Súrúlérè ní kí irọ́ dópin nínú ilé náà. Wọ́n fà mí dúró síwájú Màmá. "Màmá, ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ ọmọ yín nìyí, Bùkọ́lá. Eyínfúnjowó ti kú. Ó ti pẹ́ tó ti kú."

Màmá ká ọwọ́ lérí. "Ó kú?" ni wọ́n wí. "Ọmọ kékeré yẹn? Kí ló ṣe é? Kí ló dé tí ẹ ò ránṣẹ́ sí mi?" Wọ́n wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, wọ́n nu ojú, wọ́n gbàgbé, wọ́n rí mi lẹ́bàá ògiri, wọ́n sì ṣẹ́ orúnkún láti kí mi. Mọ́mì Súrúlérè tún sọ fún wọn. Màmá tún gbọ́ ọ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, igbe tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó tó," ni bàbá mi wí. "Ẹ ti pa àǹtí wa lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí."

Mọ́mì Súrúlérè bá jọ̀wọ́ apá mi, wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ Màmá mọ́. Gbogbo wa ń kó ẹrù Màmá sínú Pijó, ilẹ̀kùn ẹnubodè sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìgbà tí a máa wo ẹ̀yìn, ibi tí Màmá jókòó sí ti ṣófo.

A wá wọn dé ṣọ́ọ̀ṣì, a wá wọn dé ọjà Òkè Ajé. Délé wo inú kòtò, ó ń pè "Màmá, Màmá" bí ẹni tí kò bínú orí ẹja rí. Ìyá mi ló ní kí a yéé dààmú, kí a kọrí sí ọ̀nà Odògbolú tó lọ sí Ayépé. Òótọ́ ni. Lẹ́bàá títì, lábẹ́ àtíbàbà ìyá ọlọ́sàn kan, la rí Màmá lórí bẹ́ǹṣì, ẹsẹ̀ wọn kún fún erùpẹ̀ pupa, ìdì ẹrù wà lórí itan wọn. Ìyá ọlọ́sàn ti bó ọsàn fún wọn, ó sì ti gbè sẹ́yìn wọn pátápátá. "Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń ni wọ́n lára nílé?" ló kí wa bí a ṣe ń bọ́ọ́lẹ̀.

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ nínú ekuru. Màmá ò wò wọ́n. Mọ́mì Súrúlérè di ọwọ́ wọn mú láti gbé wọn sínú ọkọ̀, Màmá sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá bẹ́ǹṣì mú tí bẹ́ǹṣì fi ń tẹ̀lé wọn. "N kò mọ̀ yín!" ni wọ́n ń wí. "Ìyàwó tó bínú kúrò nílé kì í dá padà. Ará ilé ọkọ mi ní í wá bẹ̀ mí. Ẹ̀yin wo lẹ jẹ́?"

Ìyá mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́mì Súrúlérè, wọ́n sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Mọ́mì, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ará ilé ọkọ wọn ni wọ́n ń dúró dè." Gbogbo wọn bá yíjú sí mi níbi tí mo dúró sí lẹ́yìn Pijó, torí wọ́n ti kìlọ̀ fún mi kí n má sún mọ́ Màmá mọ́. Mọ́mì Súrúlérè wò mí pẹ́. Omi wà lójú wọn. Wọ́n ní, "Máa lọ. Lọ bẹ̀ wọ́n."

Mo ti rí i rí nígbà tí ìyàwó ará ilé kejì wa kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnì kan kì í dá ẹ̀bẹ̀ lọ, a kì í sì í fi ọwọ́ lásán bẹ ìyàwó. Mo ní kí wọ́n ra ọsàn. Mo ní kí Délé gbé e. Ìgbà tí ìjọba ológun ní kí gbogbo ènìyàn máa tò sórí ìlà ni, Délé bá tò wọ́n fún mi láìjẹ́ pé mo rán an, bàbá mi, ìyá mi, Mọ́mì Súrúlérè, gbogbo wọn lẹ́yìn mi ní títì bí ọmọ ilé-ìwé. Mo wúkọ́.

"Ìyàwó wa," ni mo wí, "ilé ò dùn látìgbà tí ẹ ti kúrò. A wá bẹ̀ yín. Àwọn ará ilé nìyí lẹ́yìn mi."

Màmá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ìyàwó tó mọ iye ara rẹ̀. "Wọ́n ní ẹ kú," ni wọ́n wí.

"Irọ́ ni," ni mo dáhùn. "Èmi nìyí."

Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fọwọ́ kan ojú mi, wọ́n fi àtàǹpàkò gbé ètè mi sókè, wọ́n wo àlàfo eyín mi, wọ́n sì mí kanlẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀bẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní lọ ata nínú ọyẹ́ mọ́. A gbà. Wọ́n ní kí aránṣọ yẹn rán bùbá tuntun fún àwọn, ó ti jókòó nílé jẹ ẹ̀bà lásán tó. Ìyá mi gbà láti ẹ̀yìn. Wọ́n ní kí adẹ́mu yéé wá da orí ẹja láàmú. Délé ní òun ti gbọ́. Wọ́n wá nawọ́ sí Mọ́mì Súrúlérè. "Obìnrin aláriwo yẹn ńkọ́? Ṣé ará ilé yín lòun náà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ ilé wa ni.

Mọ́mì Súrúlérè, pẹ̀lú gèlè wọn àti bàtà gogoro wọn, bá sún síwájú kúrò lórí ìlà. Wọ́n jókòó ti Màmá lórí bẹ́ǹṣì. "Ìyàwó wa," ni wọ́n wí, "ẹ ò tíì fún mi lórúkọ."

Màmá gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n wo gbogbo bí obìnrin náà ṣe sanra tó. "Ìdílẹ̀kẹ̀," ni wọ́n wí. Mọ́mì Súrúlérè sunkún, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jẹ́ ẹ. Ìyá ọlọ́sàn náà ní kí wọ́n má sunkún, pé orúkọ náà bá wọn mu.

Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Súrúlérè mọ́. A kó ẹrù Màmá jáde nínú Pijó padà sí yàrá wọn. Ìdílẹ̀kẹ̀ ń wá lóṣooṣù, wọ́n á jókòó kí Màmá gbé omi wá fún wọn, wọ́n á sì di ojú díẹ̀ kí wọ́n tó gbà á, torí ìyá mi ti kọ́ wọn ní òfin ilé.

Eyín mi bẹ̀rẹ̀ sí í hù lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí pé bó bá hù tán, wọ́n á gbọn oyè dànù lórí mi, mo sì máa ń fi ètè bò ó. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí a jọ ń ṣa ẹ̀wà lábẹ́ igi ọsàn, Màmá dáwọ́ dúró. Wọ́n sún mọ́ mi bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ àṣírí.

"Ọkọ mi," ni wọ́n wí, "ẹ bá mi wá ọmọ kan. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i. Abọ́sẹ̀dé lorúkọ rẹ̀, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n bí i. Ọmọ dáadáa ni, eré ló máa ń gbàgbé oúnjẹ sí. Eyín rẹ̀ ti yọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ẹ bá rí i, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀."

Gbogbo ara mi fẹ́ pariwo pé èmi nìyí. Orúkọ mi ni wọ́n dá, wọ́n tiẹ̀ fa ìparí rẹ̀ gùn. Ṣùgbọ́n mo rántí ìgbà tí Eyínfúnjowó kú lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kan ṣoṣo, mo sì rántí igbe Màmá. Mo gbé ẹ̀wà ọwọ́ mi mì dípò ọ̀rọ̀, ní tútù. "Mo ti gbọ́, ìyàwó mi," ni mo wí. "Màá tọ́jú rẹ̀." Mo di ojú, mo kúnlẹ̀ nínú ọkàn mi, mo sì pẹ́ níbẹ̀.

Màmá ti lọ tipẹ́. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé ni mí báyìí, mo ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, mo máa ń wá gíláàsì ojú mi kiri nígbà tó wà lórí mi. Iṣẹ́ mi ni láti máa tọ́ àṣìṣe àwọn ènìyàn, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀kan sílẹ̀ mọ́. Ọmọ tí ò ní eyín yẹn mọ̀ ọ́n. Nínú gbogbo àwọn olùkọ́ tó ń dìde kí mi láàárọ̀, kò tíì sí èyí tó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu tó ìyàwó tí mo ní nígbà náà.

Àwọn àárọ̀ mìíràn wà tí mo máa ń dúró níwájú dígí kí n tó jáde nílé, tí mo sì máa ń jábọ̀ fún wọn. Ìyàwó mi, mo rí ọmọ yín o. Ó ti jẹun. Ẹnikẹ́ni ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Eyín rẹ̀ ti hù tán, ọ̀kan tiẹ̀ tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì.